Ààrò Tí Ọkọ Fi Jẹ́ Ẹ̀jẹ́

Ọ̀bẹ búrẹ́dì kọ́ ni wọ́n fi ń gé aṣọ, ṣùgbọ́n òun ló wà lọ́wọ́ Ìyá Oníbúrẹ́dì nígbà tó rí i. Ó fi eyín ọ̀bẹ náà rẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n so dábùú ẹnu ààrò rẹ̀, ó ń fà á síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, bí ẹni ń fi ayùn la pákó. Aṣọ náà kò já bọ̀rọ̀. Wọ́n ti ta á ní kókó méjì, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ìjọ sí i láàárín gbùngbùn. Nígbà tó já, ó ju ìdajì kan sápá ọ̀tún, ó ju ìdajì kejì sápá òsì, ó sì fi ẹsẹ̀ tẹ èyí tó sún mọ́ ọn jù.

"Yéè!" Dúdú pariwo láti ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń po fúláwà. Òun ló ń bá a ṣiṣẹ́, obìnrin alápá ńlá kan báyìí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì funfun dé igunpá. "Ìyá, aṣọ ìjọ lẹ gé yẹn o!"

"Mo rí i."

"Aṣọ ìyàsọ́tọ̀ ni!"

"Mo ní mo rí i, Dúdú. Ojú mi kò fọ́."

Kò sí ẹni tí kò mọ aṣọ náà ládùúgbò. Nínú ìjọ wọn, bí ènìyàn bá fún Ọlọ́run ní nǹkan, wọn kì í gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á so aṣọ funfun mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lò ó mọ́ títí àlùfáà yóò fi wá díye lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, bí olóhun bá fẹ́ rà á padà, yóò san iye tí àlùfáà pè, yóò sì fi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lé e. Bí kò bá rà á, ó di ti ìjọ. Òfin ni, ó wà nínú Ìwé Mímọ́, wọ́n sì ti ń pa á mọ́ láti ìgbà tí ilé ìjọsìn wọn ti jẹ́ àtíbàbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń ra tiwọn padà. Káfíńtà kan wà tó jẹ́ pé ewúrẹ́ kan náà ló ń yà sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, tó sì ń rà padà lọ́dọọdún. Ìjọ á pàtẹ́wọ́ nígbà tó bá fi í sílẹ̀, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́ nígbà tó bá gbà á. Ewúrẹ́ náà ti mọ ìyì ara rẹ̀. Bó bá ń jẹ aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, kò sẹ́ni tó ń sọ òkò lù ú.

Ìyá Oníbúrẹ́dì kò béèrè ẹni tó fa ààrò rẹ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, ọkùnrin ọ̀hún kò sì rí ìjọ tó pé jọ rí kí ó má dìde. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń pè é. Bó bá rí bàtà rẹ̀ tó sọnù, ó jẹ́rìí. Bí eyín bá dẹ́kun ríro ó, ó jẹ́rìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un tó sì jáde láàyè, ẹ̀rí rẹ̀ ti wá di ohun tí ènìyàn ń jókòó tì bí ẹni ń retí kí òjò dá. Lánàá, nígbà tí ìjọ ń kọrin, ìyàwó rẹ̀ ń kó búrẹ́dì lọ sí ilé ìwòsàn. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó padà délé, ó bá a tó ti sùn. Ó rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ní ìdájí yìí, òun àti Dúdú ti po fúláwà tán, wọ́n ti gé e, wọ́n ti tò ó sínú páànù, kí ó tó jáde síta láti wá dáná, tó sì rí ohun tó rí.

Ọkọ rẹ̀ jáde wá nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti là á.

"Ìyá ọmọ mi, kí lo ṣe yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ó sọ ohun tí ẹ ṣe."

"Sùúrù, sùúrù. Mo fẹ́ sọ fún ọ lánàá, oorun ló gbé mi lọ."

"Oorun."

"Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni. Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, kí wọ́n tó tì mí wọlé lọ. Mo ní, Olúwa, bí o bá dá ẹ̀mí mi sí, ohun tó níye lórí jù lọ nínú ilé mi, tìrẹ ni."

"Ohun tó níye lórí jù lọ nínú ilé yín ni ààrò mi?"

Ó ronú sí i díẹ̀, tọkàntọkàn. "Kí ló tún wà?"

Obìnrin náà gbé ọ̀bẹ sórí odi àgbàlá.

"Àlùfáà ń bọ̀ láàárọ̀ yìí," ni ọkùnrin náà ń sọ, ó ń rìn yí i ká bí adìyẹ. "Wọ́n á díye lé e, wọ́n á ṣàdúrà, ó parí. Dákun, má dáná sí i kí wọ́n tó dé. Nítorí ti Ọlọ́run. Má dáná sí i."

Ká ní ó dáná sí i nígbà náà ni, ọ̀tọ̀ ni bí ọjọ́ náà ì bá ṣe rí. Kò dáná sí i. Ohun tó bí i nínú jù lọ nínú gbogbo ohun tó bí i nínú lọ́jọ́ náà nìyẹn, pé òun tí ọ̀bẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ òun, òun tún dúró. Ó ti pẹ́ tó ti ń dúró de ènìyàn, ọkàn rẹ̀ nìkan ló yára, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ó sọ fún Dúdú pé kó da fúláwà jáde nínú páànù, kó gbá a lulẹ̀, kó tún un tò.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Dúdú wọlé. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń gbá fúláwà mọ́ tábìlì, pàà, pàà, bí ẹni ń na olè.

Fúláwà tí yíìsì ti wọ̀ kò mọ àlùfáà. Bó bá tó àkókò rẹ̀, á wú. Bí a bá gbá a lulẹ̀, á tún wú, ṣùgbọ́n agbára tó fi wú lákọ̀ọ́kọ́ kọ́ ló máa fi wú lẹ́ẹ̀kejì. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, bí arúgbó tó ń gun òkè ni. Ààrò náà sì nìyí, òtútù, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tàn bí iná gílóòbù. Igi ni yóò jó nínú rẹ̀ títí èéfín dúdú tó lẹ̀ mọ́ òrùlé rẹ̀ yóò fi jó kúrò, tí bíríkì yóò fi funfun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wọ́ ẹyín iná jáde, wọ́n á fi àpò tútù nu ilẹ̀ rẹ̀, kí búrẹ́dì tó wọlé. Àwọn tó wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn sì ń retí oúnjẹ. Bí búrẹ́dì kan kò bá dé, búrẹ́dì ẹlòmíràn á dé, kò sì sí ẹni tó máa wá béèrè ìdí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ dé. Ó ti múra. Ó kí gbogbo ènìyàn, ó kí ààrò pàápàá.

"Ìyàwó wa, mo bá ọ yọ̀. Ilé tí wọ́n bá fi fún Ọlọ́run kì í wó."

"Ààrò ni, Ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ilé."

"Ìkan náà ni. Ìbùkún ni ìbùkún." Ó fà á sápá kan, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Gbọ́, má jẹ́ kí ojú ti ọkọ rẹ o. Ṣebí owó òrùlé yẹn wà nílẹ̀? Mú un jáde bí wọ́n bá ti dé, rà á padà, kí gbogbo ènìyàn gbàgbé aṣọ tí o gé. A ó bá ọ wá òmíràn."

Ìyá Oníbúrẹ́dì wò ó. Owó òrùlé wà lóòótọ́. Òrùlé yàrá tí wọ́n ti ń po fúláwà ń jò, ó sì ti ń fi díẹ̀díẹ̀ kó o jọ sínú agolo. Ènìyàn méjì péré ló mọ̀ nípa agolo náà.

"Ta ló sọ fún yín pé owó òrùlé wà nílẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wá òjò.

Nígbà náà ló yé e. Ọkùnrin yìí kò fi ààrò sílẹ̀ rárá. Kò tíì jókòó ro bí ilé ṣe máa rí láìsí ààrò rí. Ó ti tò ó sí ọkàn rẹ̀ bí ti ewúrẹ́ káfíńtà: òun á dìde, òun á fi í sílẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́, ìyàwó òun á sanwó, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti mọ ẹni tí yóò gbálẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ," ó ní.

Ẹnu rẹ̀ kò sọ ọ́ sí ọkọ rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ̀yin" ni, bí inú rẹ̀ dùn, bí inú rẹ̀ kò dùn. Ariwo fúláwà dákẹ́ nínú yàrá.

"Ìwọ ọkùnrin yìí. Owó mi lo fẹ́ fi ra ohun mi padà lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò bi mí ní nǹkan kan?"

"Ìyá ọmọ mi, ènìyàn wà níbí..."

"Rédíò rẹ ńkọ́? Èyí tó ń bá ọ sùn, tó ń bá ọ jí. Kí ló dé tí o kò fi rédíò jẹ́ ẹ̀jẹ́?"

"Rédíò?" Ó yà á lẹ́nu ní tòótọ́. "Ṣé rédíò ni ènìyàn fi ń gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ikú?"

"Rédíò ọ̀hún gan-an," Dúdú dáhùn láti inú yàrá, "kì í sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá gbá a létí."

"Dákun, pa ẹnu yẹn mọ́ fún mi," ni Ẹ̀gbọ́n sọ.

"Mo ti pa á mọ́, Ìyá. Fúláwà ló ń sọ̀rọ̀."

Báyìí ni wọ́n wà nígbà tí àlùfáà wọlé, tòun ti akápò ìjọ. Àlùfáà jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ga. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò kórìíra rẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn, àlùfáà yìí wá bá a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, kò sọ ọ̀rọ̀ dídùn kankan, ó kàn jókòó ni. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà nira. Akápò ní tirẹ̀ jẹ́ ẹni kánmọ́kánmọ́, ó mú téèpù ìwọ̀n dání. Ó lọ tààrà síbi ààrò, ó fi ìka kan bíríkì rẹ̀, ó tẹ́tí, bí ẹni ń ra ìkòkò.

Bíríkì yẹn. Ìyá Oníbúrẹ́dì àti ìyá tó bí i ló gé e, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí oyún àkọ́bí rẹ̀ ti yọ síta tí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ ló ń pọn omi. Òun jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín amọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbọọrọ, ó ń tẹ amọ̀ sínú àpótí igi, ó ń tú u, ó ń tẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ nígbà náà. Bó bá délé, á di imú, á ní èéfín nǹkan yìí á ba ṣẹ́ẹ̀tì òun jẹ́ o. Ìyá rẹ̀ kò pẹ́ láyé lẹ́yìn tí ààrò gbẹ. Búrẹ́dì mẹ́ta àkọ́kọ́ ló jẹ níbẹ̀, ó ní ó le, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Àlùfáà rí aṣọ tó gé nílẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Ìyá," ó ní, "a kò wá jà. Òfin náà kò le. Bí ènìyàn bá ya ilé rẹ̀ sí mímọ́ fún Olúwa, àlùfáà á wò ó. Ìbáà dára, ìbáà burú, iye tó bá pè é náà ló jẹ́. Bí ẹni tó yà á sọ́tọ̀ bá sì fẹ́ ẹ padà, kó fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Kì í ṣe ìjìyà. Kí ènìyàn lè mọ̀ ni pé ohun tí òun fi fún Ọlọ́run, òun fi í fún un lóòótọ́, kì í ṣe eré."

"Ọ̀rọ̀ yín dùn, Àlùfáà. Fúláwà mi ń wó."

"Kò ní pẹ́."

Kò pẹ́ lóòótọ́. Akápò wọn ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó wọn ẹnu rẹ̀, ó forí wọ inú rẹ̀, ó jáde pẹ̀lú èéfín dúdú nímú. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ìjọ ti ń wá irú èyí tipẹ́. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ á máa jẹ búrẹ́dì níbẹ̀, wọ́n á sì máa ta ìyókù.

"Nítorí náà, bí owó àtirà á padà kò bá sí, Ìyá, ẹ má dààmú," ó ní. "A ò ní wó o. Ibi tó wà náà ló máa wà. Ẹ̀yin náà lẹ ó máa sun búrẹ́dì níbẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe. Kìkì pé ti ìjọ ni."

"Èmi ni n ó máa jí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Èmi ni n ó máa la igi?"

"Ẹ̀yin àti Dúdú."

"Ẹ yọ tèmi kúrò níbẹ̀ o," ni Dúdú sọ. Ó ti jáde wá, ó fara ti férémù ilẹ̀kùn.

"Èmi náà ni n ó máa forí wọ inú ooru?"

"Ìbùkún ni, Ìyá."

Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ìyá Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí Ẹ̀gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú rẹ̀ bóyá nǹkan ń ṣe é. Ààrò kì í sun búrẹ́dì fúnra rẹ̀. Bíríkì àti ihò ni. Bí òun kò bá sí níbẹ̀, aláǹgbá ni yóò máa yá oòrùn lórí rẹ̀. Kì í ṣe ààrò ni wọ́n so aṣọ mọ́.

"Àlùfáà," ó ní nígbà tí ẹ̀rín tán, "èló lẹ pe èmi?"

"Ìyá?"

"Ẹ ti wọn ààrò. Èmi ńkọ́? Èmi tí mo bá ààrò rìn, èló?"

Ẹlòmíràn ì bá fi àdúrà bo ọ̀rọ̀ náà. Àlùfáà kò purọ́. Ó nu gíláàsì ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ.

"Iye wà fún ènìyàn náà nínú òfin," ó ní. "Láyé ìgbà náà, bí ènìyàn bá fi ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́. Ọgbọ̀n ṣékélì ni fún obìnrin."

"Ọkùnrin ńkọ́?"

"Àádọ́ta."

Dúdú wo apá ara rẹ̀ méjèèjì, ó wo ti Ẹlẹ́rìí. "Ta ló ń gbé àpò fúláwà lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ èyí?"

"Owó ayé àtijọ́ ni ṣékélì, kì í ṣe..."

"Àlùfáà, ẹ má bínú," Dúdú tún ní. "Bí ọkùnrin bá ti wá dàgbà díẹ̀?"

"Bó bá ti pé ọgọ́ta ọdún, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Gbogbo wọn yíjú sí Ẹlẹ́rìí. Wọn kò pinnu rẹ̀, ojú wọn ló ṣe é.

"Mi ò tíì pé ọgọ́ta," ni Ẹlẹ́rìí sọ.

"Ó ku fẹ́ẹ́rẹ́," ni Dúdú sọ.

Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu wọn. Àlùfáà gbé gíláàsì rẹ̀ padà sójú, ó sì yíjú sí ọkùnrin náà. "Bàbá, n ó bi yín ní ìbéèrè kan tó yẹ kí n ti bi yín lánàá. Ṣé tiyín ni ààrò yìí?"

"Àlùfáà, ìyàwó mi mà ni." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ó ti máa ń ṣe bí ẹ̀rí rẹ̀ bá kù díẹ̀ kó dé ibi àtẹ́wọ́. "Ohun tó bá jẹ́ ti ìyàwó mi, ta ló ni ín?"

Ó dúró de àtẹ́wọ́. Kò dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pàápàá wolẹ̀, ó ń wo imú bàtà rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú rẹ̀ rí.

Ìyá Oníbúrẹ́dì yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lọ síbi igi, ó kó èyí tó gbẹ jù lápá, ó tò ó sínú ààrò, ó ki èèpo igi sábẹ́ rẹ̀, ó ṣá ìṣáná. Ìṣáná àkọ́kọ́ kú. Ó ṣá òmíràn.

"Ìyá!" Akápò fò sẹ́yìn. "Wọn kò tíì tú aṣọ rẹ̀! Wọn kò tíì gbàdúrà! Ohun mímọ́ lẹ ń bà jẹ́ yìí!"

"Omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ wá pa á."

Iná mú èèpo igi. Ó ń ta pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́. Akápò wo dúrọ́ọ̀mù, ó wo apá Dúdú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká téèpù rẹ̀.

"Ìyàwó, o kọ̀ fún Ọlọ́run," ni Ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le.

"Ọlọ́run kò bi mí, Ẹ̀gbọ́n. Bó bá bi mí, n ó mọ ohun tí n ó sọ fún un. Owó wà nínú agolo, n kò purọ́. Bí mo bá san án lónìí, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti fi mí tọrẹ nìyẹn, èmi ni mo sì ra ara mi padà. N kò san án. Òrùlé ni n ó fi kàn."

Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa aṣọ náà, ìdajì kan àti ìdajì kejì, ó gbọn eruku rẹ̀ dànù, ó ká a sínú àpò. Ó dà bí ẹni pé ó dàgbà sí i láàárín ìgbà tó fi bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó fi nàró.

"Ẹ̀jẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹni tó jẹ́ ẹ," ó ní. "N kò lè tú u, Ìyá."

"Kó wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sí lọ́rùn mi."

Àlùfáà mi orí, ó dà bí ẹni tó gbà, ó dà bí ẹni tí kò gbà. Wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé wọn, kò dágbére fún ààrò.

Fúláwà ti wú lẹ́ẹ̀kejì, ó ti kọjá ààlà. Dúdú gbá a lulẹ̀, ó tún un tò, kò sọ àwàdà kankan mọ́. Nígbà tí òrùlé ààrò funfun, wọ́n wọ́ ẹyín iná jáde, wọ́n fi àpò tútù nu ilẹ̀ rẹ̀, ooru omi gbígbóná bò wọ́n lójú. Ìyá Oníbúrẹ́dì ju ìyẹ̀fun fẹ́ẹ́rẹ́ sínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe gbóná tó. Ó pọ́n, kò jó. Ó dára. Ó fi ọ̀pá gígùn ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ti páànù wọlé, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, ó sì gbé irin dí ẹnu rẹ̀.

Nígbà tó ṣí i, ohun tó rò ló rí. Àwọn kan dìde. Àwọn kan wó láàárín, bí ibùsùn tí aláìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó ya àwọn tó dìde sọ́tọ̀, Dúdú sì rù wọ́n, ó ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn bóyá wọ́n ṣì lè gbà wọ́n.

Ẹlẹ́rìí jókòó sórí páálí òfìfo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Ó ti jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí àlùfáà ti lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń fa páànù jáde, kò wò ó.

"Kí ni kí n wá sọ fún Ọlọ́run?" ó béèrè.

"Sọ fún un pé kì í ṣe tìrẹ."

"Ó dá ẹ̀mí mi sí."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́ bí ẹni ń jẹ́rìí.

"Lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, mo rin gbogbo ilé yìí. Nínú orí mi. Yàrá yìí, mo jáde, yàrá yẹn, mo jáde. Mo ń wá ohun tí mo lè gbé sókè kí n ní gba èyí, kí o fi mí sílẹ̀." Ó fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Ìwọ náà sọ ọ̀kan fún mi. Ìwọ lo mọ ilé. Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

Èsì ti wà lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Èsì kì í wọ́n ọn. Ó yíjú sí i kó lè jù ú lù ú dáadáa, ó sì rí i níbi tó jókòó sí: páálí tó wà lábẹ́ rẹ̀, páálí fúláwà ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀, òun ló rà á. Odi tó fara tì, òun ló san owó bíríkì rẹ̀. Rédíò tó ń bá a sùn pàápàá, òun ló rà á. Ibi gbogbo tí ojú rẹ̀ bà lé, ó rántí ọjọ́ tó rà á, ó sì rántí ẹni tó sọ fún pé òun ló rà á. Kò sí ẹni tí kò sọ fún. Ó ti sọ fún àwọn aládùúgbò, ó ti sọ fún Ẹ̀gbọ́n, ó ti sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ẹ̀rín, lójú ọkùnrin yìí. Ó máa ń dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí iyọ̀.

Inú ṣì ń bí i. Inú rẹ̀ gbóná bí ilẹ̀ ààrò náà, kò sì ní tutù lónìí. Ohun tí ọkùnrin náà ṣe, ó ṣe é, kò sí ẹni tó máa bá a yọ ọ́ kúrò.

Ṣùgbọ́n èsì náà kò jáde. Ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, páànù gbígbóná lẹ́nu ọ̀pá náà, ó ń wo àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà dé odi, àti láti odi dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ẹyọ kan tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀.